Wọ́n ní kí a má sọ Yorùbá sí ọmọ wa tó ní ọ́tísímù mọ́: ṣé ìwádìí sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o. London ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi yóò pé ọdún mẹ́rin láìpẹ́, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọ́tísímù ni, ìpèníjà ìdàgbàsókè tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá ènìyàn ṣe. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò pọ̀: "omi", "wá", "no", "ó tó", àti díẹ̀ mìíràn. Ní jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀, wọ́n ní Yorùbá tí à ń sọ nílé ló ń da orí rẹ̀ rú, kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ti gbà. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tó ti Ọ̀yọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí a ti sọ fún un, kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Yóò kàn bọ́ ọ, yóò sì wẹ̀ ẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé èdè méjì pọ̀ jù fún irú ọmọ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn.

* * *

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Rárá, kì í ṣe òótọ́. Ẹ jẹ́ kí màmá máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti òní lọ, kí a tó wá jiyàn lórí ìyókù.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè, ìmọ̀ràn yìí kan náà ni wọ́n sì ń fún àwọn òbí níbí, láàárín ìgboro Yorùbá. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé wọn kì í fi ìwádìí kankan tì í lẹ́yìn. Èyí tó wà nílẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Ní 2012, Catherine Hambly àti Eric Fombonne tẹ àyẹ̀wò ọmọ 75 tó ní ọ́tísímù jáde ní Montreal, ní Kánádà. Àwọn kan ń gbọ́ èdè kan ṣoṣo, àwọn kan ń gbọ́ méjì láti ìkókó, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èkejì nígbà tó yá. Àwọn elédè méjì kò pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ju àwọn elédè kan lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 2005, Elizabeth Kay-Raining Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Kánádà náà, wo àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ìpèníjà mìíràn tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Àwọn tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú èdè mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò kéré sí ti àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Àwọn ìwádìí yìí kò tóbi. Kò sì sí ẹni tó fi ìbò pín ọmọ sí ilé elédè kan àti ilé elédè méjì; bí oníkálukú ṣe ń gbé ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé Yorùbá ni yóò la ohùn ọmọ yín. Ẹni tó ní kí ìyá àgbà pa ẹnu mọ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kò sì ní i.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ti ṣe nínú ilé yín. Màmá ló ń wà pẹ̀lú ọmọ jù, òun ló ń bọ́ ọ, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Yorùbá tí ẹ gbà kúrò lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló rọ́pò rẹ̀. Ilé kàn dákẹ́ ni. Ọmọ tó ṣòro fún láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ ti mú ẹnìkan kúrò lára àwọn tó lè bá sọ̀rọ̀.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Èyí tó pọ̀ jù ń sọ pé ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan, kí a má kó èdè méjì lé e lórí. London ni yóò dàgbà sí, Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ àti dókítà rẹ̀ ń sọ. Kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn tán, kó tó wá kọ́ Yorùbá.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń jẹ́ kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "tó bá yá" kì í yá. Ọmọ tí a gba Yorùbá kúrò létí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ta ni yóò tún jókòó kọ́ ọ nígbà tó bá di mẹ́rìnlá? Màmá yóò ti padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí ẹbí bá sì péjọ, òun nìkan ni kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ọmọ tó jẹ́ pé ìyapa ni ìṣòro rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ohun tó lè dí i lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ: jẹ́lé-ó-sinmi, tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀, ilé ìtajà, gbogbo rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn. Bí bàbá ọmọ bá jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Èdè tí ènìyàn lè fi ṣeré, tó lè fi rẹ ọmọ lẹ́kún láì ronú, òun ló yẹ kó fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Òbí tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri kó tó sọ gbólóhùn kan yóò sọ díẹ̀, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n ní kí wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wá ń sọ "sit", "stop", "eat" láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àṣẹ nìkan ni ọmọ ń gbọ́. Nínú Yorùbá, ìyá kan náà ì bá ti kì í, ì bá ti pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan tọ́ka sí ìwádìí kan ní 2019 tó ní àwọn ọmọ ọ́tísímù elédè méjì ń tètè yí ọkàn láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìwádìí náà wà, Ana Maria Gonzalez-Barrero àti Aparna Nadig ló ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má gbé e lọ síwájú olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Pé Yorùbá kò pa ọmọ lára ti tó láti fi sọ̀rọ̀.

Ó ku ohun kan tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: ta ni ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ? Ní kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan máa ń sọ "gbé e" fún ohunkóhun tó bá fẹ́ kí a gbé fún un. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ó ní in. Nítorí náà, ìyá wa, ẹ ra ìwé pélébé kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tó sọ ọ́ àti ohun tó fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé jáde tí ẹnu kò tíì mọ́, ẹ kọ ìyẹn náà. Etí tí kò mọ̀ ọ́n yóò pè é ní ariwo.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan bínú. Ó ní òyìnbó ń fi ẹ̀kọ́ ilé wa ṣe àmì àìsàn: ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ranjú mọ́ àgbà, àwọn yìí wá ń kọ "kì í wo ojú ènìyàn" sínú ìwé. Ó ní kí ìyá ọmọ má gba àbájáde wọn.

Mi ò gbà. Lóòótọ́, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe àwọn ìwé ìbéèrè wọ̀nyí. M-CHAT, tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò fún ọmọ oṣù 16 sí 30, Amẹ́ríkà ni Diana Robins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní 2001. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ní ìbéèrè 20. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu ní láti fara balẹ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan àbọ̀ wo ni ìyá Yorùbá ń kọ́ pé kó má wo òun lójú? Bó bá ń mu ọmú, ojú ìyá ló ń wò. "Má ranjú mọ́ mi" di ìgbà tí ọmọ bá ti gbọ́n tó láti gba ìbáwí.

Ohun tí ìwé yẹn ń wá gan-an, àwọn ìyá àgbà wa ti ń wò ó lára ọmọ tipẹ́. Wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí wọ́n wò ó bóyá yóò yíjú. Wọn yóò ní "dà bàbá ẹ?", ọmọ yóò nàka. Wọn yóò ní "ó dàbọ̀", yóò juwọ́. Ọmọ tó rí ọkọ̀ òfurufú yóò nàka sókè, yóò sì wẹ̀yìn wò bóyá ìyá òun náà rí i. Ọmọ oṣù méjìdínlógún tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ì báà jẹ́ ọmọ ta ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé màmá tó wà lọ́dọ̀ yín ti fura kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi í.

Ibi tí àṣà ti ń bá àwọn ọmọ yìí fa wàhálà gan-an ni ìkíni. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò dọ̀bálẹ̀, tí kò sọ "ẹ káàárọ̀", wọn yóò ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Mo ti wà níbi ìnáwó tí àgbàlagbà kan ti fi ọwọ́ ti orí ọmọ mọ́lẹ̀, tí ọmọ sì figbe ta, tí gbogbo ojú wá yí sí ìyá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́ ọ ní kíláàsì tiwa. Ọmọ yóò kọ́kọ́ kọ́ láti dúró níwájú àgbà láì sá. Bó bá ti mọ ìyẹn, yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbẹ̀yìn. Bí kò bá sì wá, ọwọ́ tó kan ilẹ̀ ti tó kíkí. Kí ẹ sọ fún àwọn ẹbí ṣáájú ọjọ́ ìnáwó. Èyí tó bá gbọ́ yóò ràn yín lọ́wọ́, èyí tí kò bá gbọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sí "ta ló fà á". Ẹnìkan ní àìsàn òyìnbó ni, ẹnìkan ní abẹ́rẹ́ ni, ẹnìkan sì ní kí ìyá ọmọ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.

Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá rí ní ilẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀. Leo Kanner, dókítà ní Baltimore, kọ nípa ọmọ 11 ní 1943, ó sì sọ nínú ìwé náà pé àwọn òbí tí ara wọn yá mọ́ni kò pọ̀ láàárín òbí wọn. Bruno Bettelheim ní Chicago gbé irú ọ̀rọ̀ yìí ga: ìyá tí kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ ló sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìyá fi ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìhùwàsí tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísímù, ló kọ ìwé ní 1964 pé inú ọpọlọ ni kí wọ́n lọ wò. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter wo ìbejì orísìí 21 ní Bírítéènì. Nínú orísìí 11 tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, mẹ́rin ló jẹ́ pé àwọn méjèèjì ní ọ́tísímù. Nínú orísìí 10 tó wá láti inú ẹyin méjì, kò sí ọ̀kan. Àwa tí a bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé lọ, ó yẹ kí ìyẹn yé wa kíákíá: ìyá kan ló bí wọn, inú ilé kan ló ti tọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ìwà ìyá ló ń fà á, kí ló dé tí ti ẹyin kan fi yàtọ̀ sí ti ẹyin méjì? Àwọn ìwádìí tó tóbi ju èyí lọ ti tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ohun tí ọmọ jogún nínú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà ní 2009, àwọn kan lára wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ agbára tó ju ti ẹ̀dá lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kó má yà yín lẹ́nu pé ìyá ọkọ sọ ọ́.

Ní ti àìsàn òyìnbó: Victor Lotter rìn káàkiri àwọn ìlú Áfíríkà kan, Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì rí àwọn ọmọ ọ́tísímù níbẹ̀, 1978 ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní England, ìwádìí kan ní 2021 lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 7 rí i pé ìdá 1.76 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in; láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, ìdá 2.11 ni. Àwọn ọmọ wa ní Peckham wà nínú òǹkà yẹn.

Abẹ́rẹ́ kọ́. Ìwé tí Andrew Wakefield kọ lórí ọmọ 12 péré ní 1998 ló dá ìbẹ̀rù náà sílẹ̀. Ìwé ìròyìn *The Lancet* tó tẹ̀ ẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní 2010, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò láàárín dókítà. Ní Dẹ́nmáàkì, wọ́n tọpa ọmọ 657,461, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ MMR, èyí tí ń dènà èéyi, kò ní ọ́tísímù ju àwọn tí kò gbà á lọ. Èéyi ń pa ọmọ nílé wa títí di òní. Ẹ gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ yín.

* * *

Arábìnrin kan láti Ìjẹ̀bú ní ọmọ tòun kò ní ọ́tísímù, pé ibà pọ́njú, tí òyìnbó ń pè ní jaundice, ló ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì lè rìn tàbí gbọ́ràn dáadáa títí di ìsinsìnyí. Ó béèrè bóyá ọ̀kan náà ni.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyá mi, ó sì dára bí ẹ ṣe béèrè, torí èyí ni ohun tí a lè dènà. Bí ibà pọ́njú ọmọ tuntun bá pọ̀ jù, ohun tó ń pọ́n ojú rẹ̀ yóò wọ inú ọpọlọ, yóò sì ba ibi tí ń darí ìrìn àti ìgbọ́ràn jẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Káfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn. Ẹ kó káfúrà kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ìyá tó bá rí i pé ojú ọmọ pọ́n, ilé ìwòsàn ni kó gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan yóò ní oòrùn àárọ̀ ti tó. Lóòótọ́, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015, Èkó ni wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tuntun 447, Tina Slusher ló ṣáájú rẹ̀, Bolajoko Olusanya sì wà lára wọn. Oòrùn náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìbòrí tí ń sẹ́ èyí tó léwu nínú ìtànṣán ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí, àwọn oníṣègùn sì ń ṣọ́ wọn. Èyí kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Olusanya yìí kan náà ló ṣáájú ìwádìí 2018 tó kà á pé ọmọ mílíọ̀nù 52.9 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ní ìpèníjà ìdàgbàsókè lágbàáyé ní 2016, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀. Ibẹ̀ ni a wà. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn tó ń wá ibi tí yóò gbé ọmọ lọ, Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tó wà fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì náà.

* * *

Ìyá ọmọ ti padà wá. Ó ní màmá ti ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun tó yẹ kó máa ṣe gan-an, nítorí ọmọ kì í wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sọ pé omi, sọ pé omi". Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PACT, ní London, Manchester àti Newcastle, wo ọmọ 152. Wọ́n ya fídíò òbí pẹ̀lú ọmọ níbi eré, wọ́n sì jọ jókòó wò ó kí òbí lè rí àwọn ìgbà kéékèèké tí ọmọ ń gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Àbájáde 2010 kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016, àwọn tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ náà sàn ju àwọn yòókù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ẹ̀kọ́ fún òbí àti alágbàtọ́, ìjókòó ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án àti ìbẹ̀wò sílé mẹ́ta. Kò sí èyí tó ní kí òbí gbàgbé èdè rẹ̀.

Ohun tí màmá yóò ṣe nìyí. Kó jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ, kí ojú wọn dọ́gba. Bí ọmọ bá ń to ọkọ̀ ìṣeré sórí ìlà, kí màmá náà fi ọ̀kan kún un, kó ní "ọkọ̀". Kó dákẹ́, kó dúró. Ìdúró yẹn ló máa ń ṣòro fún àwa àgbà jù. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ ju bí ó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ọmọ bá yíjú, tó dún, tó na ọwọ́, kí ó dáhùn bíi pé ọ̀rọ̀ ni. Kó máa kọ orin ìṣeré tí ọmọ bá fẹ́ràn, kó dá a dúró lójijì níbi tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n, kó wò ó bóyá ọmọ yóò parí rẹ̀. Kó máa kì í ní oríkì rẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tí kì í dáhùn sí orúkọ ìwé wọn, mo ti rí èyí tó gbé orí sókè sí oríkì.

* * *

Ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ ó rí àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ mú ìwé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé ìwádìí wo ni wọ́n fi gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ sọ fún wọn pé Royal College of Speech and Language Therapists, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Bírítéènì, kò fara mọ́ kí a máa sọ fún òbí pé kó pa èdè ilé rẹ̀ tì. Bí káńsù bá ti ń kọ EHCP fún ọmọ, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú rẹ̀, kí Yorùbá wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè ilé, kí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ sì ka ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Kí bàbá ọmọ bá yín lọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra rẹ̀. Ẹ padà wá sọ èsì wọn fún wa.